Omi Inú Akẹtẹ̀: Bí Àwọn Ará Japan Ṣe Ń Sun Olú Lórí Igi, àti Oore Tó Ń Ṣe Fún Ara

Bí ẹ bá jókòó síwájú ààrò ní ilé oúnjẹ kékeré kan ní Japan, níbi tí wọ́n ti ń sun oúnjẹ lórí igi, ẹ fi iná sílẹ̀, ọwọ́ alásè ni kí ẹ máa wò. Yóò ti gé ẹsẹ̀ olú kúrò. Yóò gbé e ka iná, ẹ̀yìn akẹtẹ̀ rẹ̀ á kọjú sí ẹyín iná, inú rẹ̀ á kọjú sókè bí àwo. Lẹ́yìn náà kò ní ṣe nǹkan kan mọ́, yóò dúró. Nígbà tó bá ṣe díẹ̀, omi á bẹ̀rẹ̀ sí í sẹ̀ láàárín àwọn abala tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà nínú akẹtẹ̀ náà, àwọn tó tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn bí ojú ewé ìwé. Ó kọ́kọ́ dà bí ìrì. Ìrì á di ẹ̀kán, ẹ̀kán á para pọ̀, akẹtẹ̀ á sì gba omi bí ife. Alásè á fi ìka wọ́n iyọ̀ díẹ̀ sórí omi yẹn, á sì gbé igi náà kúrò lórí iná láìyí i padà. Bó bá yí i, omi á dà sínú ẹyín iná, adùn olú á sì bá a lọ.

Omi yẹn ni mo fẹ́ kí á tẹ̀ lé nínú àròkọ yìí. Ọ̀rọ̀ tí à ń gbọ́ nípa olú lóde òní pọ̀. Àwọn kan ní ó tó ẹran í jẹ, pé ẹni tó bá ní olú kò wá ẹran lọ. Àwọn mìíràn ní ó ń wo àrùn jẹjẹrẹ. Èrò tèmi ni pé olú kò ní láti di ẹran, kò sì ní láti di oògùn, kó tó níyì lórí tábìlì wa. Oore tirẹ̀ wà nínú omi rẹ̀ àti nínú ara rẹ̀, gbogbo ọgbọ́n tí àwọn ará Japan sì ń dá nídìí ààrò, kí oore yẹn má bàa ṣòfò ni.

Kushi ni wọ́n ń pe igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n fi ń gún oúnjẹ. Yaki ni ohun tí wọ́n fi iná sun. Ohunkóhun tí wọ́n bá gún mọ́ igi tí wọ́n sì sun ni kushiyaki. Èyí tó lókìkí jù nínú wọn ni yakitori, ẹran adìẹ orí igi, tí àwọn òṣìṣẹ́ máa ń yà jẹ nírọ̀lẹ́ kí wọ́n tó wọkọ̀ relé. Ẹni tó bá ti dúró nídìí onísùyà rí lálẹ́, tó mọ bí èéfín, abẹ̀bẹ̀ àti àwọn tó yí iná ká ṣe ń rí, kò ní ṣàjèjì níbẹ̀. Ìyàtọ̀ kan ló wà: nídìí ààrò àwọn ará Japan, olú àti ẹ̀fọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n fi ń tọ́ ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́. Wọ́n ní igi tiwọn, wọ́n ní iye owó tiwọn, àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé torí wọn ni wọ́n ṣe wá.

Shiitake ni olórí wọn. Akẹtẹ̀ rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí awọ, ó nípọn, òórùn rẹ̀ sì dà bí òórùn igbó lẹ́yìn òjò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni eringi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ funfun tó sì sanra ju akẹtẹ̀ rẹ̀ lọ. Wọ́n á là á ní pẹlẹbẹ pẹlẹbẹ kí wọ́n tó gún un. Àlejò ni eringi ní Japan. Àwọn ilẹ̀ tó yí Òkun Mẹditaréníà ká ni orírun rẹ̀, nǹkan bí ọdún 1990 sí i ni àwọn ará Japan bẹ̀rẹ̀ sí í gbìn ín, ṣùgbọ́n kò sí ọjà tí kò sí mọ́ báyìí. Enoki ní tirẹ̀ funfun, ó sì tín-ín-rín bí òwú. Igi kò lè gún un lóun nìkan, nítorí náà wọ́n á di í bí ìdì igi ìdáná, wọ́n á fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n gé fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wé e, wọ́n á wá gún ẹran àti olú pọ̀.

Ibi tí shiitake ti wá wà nínú orúkọ rẹ̀. Shii jẹ́ igi kan tó bá igi óákù tan, take sì ni olú: olú ara igi shii. Ara igi tó ti kú ló máa ń hù sí, ibẹ̀ ni ìṣòro àwọn àgbẹ̀ àtijọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á gé igi lulẹ̀, wọ́n á fi àáké ṣá a lára káàkiri, wọ́n á sì fi í sílẹ̀ nínú igbó kí afẹ́fẹ́ gbé irúgbìn olú bọ́ sí ojú ọgbẹ́ náà. Bí afẹ́fẹ́ kò bá gbé e wá, ọdún méjì mẹ́ta á kọjá, àgbẹ̀ á jókòó ti igi gbígbẹ àti gbèsè. Wọ́n ní nígbà tí Kisaku Mori, tí wọ́n bí ní 1908, ṣì ń kọ́ ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Kyoto, ó ṣe ìbẹ̀wò sí Oita ní erékùṣù Kyushu. Ibẹ̀ ló ti rí àgbẹ̀ kan lórí ìkúnlẹ̀ níwájú ìtì igi, tó ń bẹ olú pé kó jọ̀ọ́ kó hù. Ohun tó rí yìí kò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Ní 1942, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún ìdánwò, ó rí ọ̀nà àbáyọ: ó mú kí irúgbìn olú dàgbà sínú èèkàn igi kékeré tí kò ju ìka lọ. Àgbẹ̀ á dá ihò sára ìtì igi, á kan èèkàn náà mọ́ ọn, ó parí. Kò sí ìdí láti bẹ afẹ́fẹ́ mọ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn tó ń gbin olú sára ìtì igi ṣe ń ṣe é títí dòní. Nígbà ìkórè, tí ewé igi bá ń pọ́n, wọ́n á gé igi, wọ́n á ké e sí bíi mítà kọ̀ọ̀kan. Bí òtútù bá ń kásẹ̀ nílẹ̀, wọ́n á kan èèkàn, wọ́n á sì tò ó sí abẹ́ ibòji igbó. Ó lè tó ọdún kan ààbọ̀ sí méjì kí olú àkọ́kọ́ tó yọjú, lẹ́yìn náà ìtì igi kan lè máa so fún bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún. Bí olú bá pẹ́ kó tó yọ, wọ́n á ri ìtì igi náà bọ omi, tàbí kí wọ́n fi òlù gbá a lórí, bí ẹni ń jí ọmọ lójú oorun. Àwọn àgbà ibẹ̀ gbà pé bí àrá bá sán, olú á pọ̀, ọ̀rọ̀ tí kò ṣàjèjì létí ẹni tó ti já olú nínú oko lẹ́yìn òjò alárá rí. Àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Iwate fi iná mànàmáná alágbára dán an wò lára ìtì igi, wọ́n sì rí i pé olú pọ̀ sí i lóòótọ́. Lónìí, èyí tó pọ̀ jù nínú shiitake tútù tó wà lọ́jà, orí èérún pákó tí wọ́n kì pọ̀ bí búlọ́ọ̀kù ni wọ́n ti ń gbìn ín, láàárín oṣù díẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ti ara ìtì igi wá ni àwọn alásè ń wá kiri, torí ara rẹ̀ ki, ó sì mọ omi í dì mú.

Bí olú ti ní ìtàn, bẹ́ẹ̀ ni èédú tí wọ́n fi ń sun ún. Binchotan ni orúkọ rẹ̀, ilẹ̀ Kishu, tó di Wakayama lónìí, ló sì ti lókìkí jù. Wọ́n ní orúkọ oníṣòwò kan ní ìlú Tanabe, Bitchuya Chozaemon, tó ta èédú náà káàkiri nǹkan bí òpin ọ̀rúndún kẹtàdínlógún, ni wọ́n gé kúrú di binchotan. Igi óákù líle kan tí wọ́n ń pè ní ubame ni wọ́n ń fi ṣe é. Wọ́n á kọ́kọ́ sun ún pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ nínú ilé ìléru alámọ̀ fún ọjọ́ púpọ̀. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kó parí, wọ́n á jẹ́ kí afẹ́fẹ́ rọ́ wọlé, ooru á sì ga kọjá ìwọ̀n Celsius 1,000. Wọ́n á wá fi ọ̀pá gígùn fa èédú pupa rokoṣo jáde, wọ́n á da iyanrìn olómi tó lú mọ́ eérú bò ó kó lè kú. Eérú yẹn ló ń lẹ̀ mọ́ ọn lára tó fi ń funfun. Bí ẹ bá fi méjì lu ara wọn, ìró wọn á dún bí irin.

Èrè wàhálà yìí ni pé èédú náà kì í rú èéfín púpọ̀, ahọ́n iná kì í yọ lára rẹ̀, ó sì lè wà ní gbígbóná fún wákàtí púpọ̀. Ẹran adìẹ ní ọ̀rá tirẹ̀ tó ń kán sínú iná, èéfín ọ̀rá yẹn sì ń fi kún adùn rẹ̀. Olú kò ní ọ̀rá tó lè kán. Bí èéfín bá bò ó, èéfín ni ẹnu á máa tọ́ wò, adùn olú á rì. Iná tó mọ́, tó gbóná lójú kan, ló yẹ ẹ́.

Iṣẹ́ ọwọ́ ló kù. Alásè kì í da omi lu olú. Aṣọ ọ̀rinrin ni yóò fi nù ún. Omi tó bá wà lẹ́yìn akẹtẹ̀ á kọ́kọ́ di ooru lórí iná, olú á sì máa bọ̀ dípò kó sun. Ẹsẹ̀ shiitake yi bí iṣan, nítorí náà yóò gé e, ṣùgbọ́n kò ní sọ ọ́ nù; inú omi ọbẹ̀ ló ń lọ. Nígbà mìíràn yóò fi ọ̀bẹ là ẹ̀yìn akẹtẹ̀ ní àgbélébùú, kí iná lè wọ inú ẹran rẹ̀. Igi ọparun tí yóò fi gún un ti wà nínú omi fún bí ìlàjì wákàtí kó má bàa jóná. Ẹ̀gbẹ́ akẹtẹ̀ ló máa ń gba gún un, níbi tó ti nípọn jù, kó má bàa ya, kó má sì máa yí kiri lára igi. Akẹtẹ̀ tí wọ́n jọ tóbi bákan náà ló máa ń wà lórí igi kan. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, èyí tó kéré á ti gbẹ kí èyí tó tóbi tó jinná. Ààrò náà tóóró, ó sì gùn, kí orí igi àti ìdí rẹ̀ lè wà lẹ́yìn òde iná.

Ọ̀nà méjì ló wà láti fi adùn sí i. Ọ̀kan ni iyọ̀, tí wọ́n ń pè ní shio. Èyí ni ti alásè tí a rí níbẹ̀rẹ̀, tí kì í yí olú rẹ̀ padà, tó kàn ń fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i nígbẹ̀yìn. Èkejì ni tare: shoyu, ìyẹn omi dúdú oníyọ̀ tí wọ́n fi ẹ̀wà sóyà àti àlìkámà pọn bí a ṣe ń pọn irú, pẹ̀lú ọtí ìrẹsì, mirin tó dùn, àti ṣúgà, tí wọ́n sè títí tó fi ki. Bí olú bá fẹ́rẹ̀ẹ́ jinná ni wọ́n tó ń fi kùn ún lára, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, torí ṣúgà tètè ń jó. Àwọn tó ń sun ẹja eel ní Japan máa ń sọ pé ọdún mẹ́ta la fi ń kọ́ bí a ṣe ń gún nǹkan mọ́ igi, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ẹni la fi ń kọ́ bí a ṣe ń sun ún. Ọ̀rọ̀ náà bá olú mu. Bí iná bá pọ̀ jù, ẹ̀yìn akẹtẹ̀ á gbẹ kí inú tó gbóná. Bó bá kéré jù, omi á fò lọ díẹ̀díẹ̀, olú á sì yi bí awọ bàtà.

Kí ló wà nínú omi yẹn tí wọ́n fi ń ṣọ́ ọ tó bẹ́ẹ̀? Ní 1908, Kikunae Ikeda, ọ̀jọ̀gbọ́n ní yunifásítì ìjọba ní Tokyo, ń wádìí ohun tó fún omi ọbẹ̀ tí wọ́n fi ewé inú òkun sè ní adùn. Adùn náà kì í ṣe ti iyọ̀, kì í ṣe ti ṣúgà, kò kan, kò sì korò. Ó rí i pé èròjà kan tó ń jẹ́ glutamate ló wà nídìí rẹ̀, ó sì sọ adùn náà ní umami. Ẹni tó bá jẹ ọbẹ̀ tí irú wà nínú rẹ̀ ti mọ adùn yìí láti kékeré, bí kò tilẹ̀ mọ orúkọ rẹ̀. Láti inú iṣẹ́ Ikeda ni wọ́n ti ṣe ìyẹ̀fun funfun kan, wọ́n gbé e wọ ọjà ní 1909, wọ́n sì sọ ọ́ ní Ajinomoto, ìyẹn orísun adùn. Ìyẹ̀fun tí àwọn ìyá wa ń bù sínú ọbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí ọ̀pọ̀ wa rò pé orúkọ lásán ni, ó ní ìtumọ̀ lédè àwọn ará Japan.

Ní 1913, Shintaro Kodama, akẹ́kọ̀ọ́ Ikeda, rí èròjà umami kejì nínú ẹja gbígbẹ. Ẹ̀kẹta, èyí tó kan olú, ni Akira Kuninaka rí ní 1957, nílé iṣẹ́ Yamasa tó ń ṣe shoyu: guanylate, èyí tó pọ̀ nínú shiitake. Kuninaka tún rí nǹkan mìíràn. Bí guanylate bá pàdé glutamate, adùn wọn kì í ṣe ìrópọ̀ lásán. Ọ̀kan á gbé èkejì ga ní ìlọ́po púpọ̀. Ìdí rèé tí ẹ̀kán shoyu kan péré fi lè yí olú padà pátápátá: glutamate ti inú shoyu wá, guanylate ti inú olú wá, wọ́n sì pàdé lórí ahọ́n.

Guanylate kò pọ̀ nínú olú tútù. Ìgbà tí ooru bá pa ara olú, tó sì wà láàárín ìwọ̀n Celsius 60 sí 70, ni àwọn èròjà inú rẹ̀ máa ń fọ́ sí guanylate. Alásè tó dúró tí kò fi iná lé olú rẹ̀ léré ń fún iṣẹ́ yìí láyè láti ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí omi bá kún akẹtẹ̀ ni iṣẹ́ náà ti parí, inú omi yẹn ni adùn náà sì wà.

Ó tó kí á wá wo oore tó ń ṣe fún ara. Nínú gíráàmù 100 shiitake tútù, nǹkan bíi gíráàmù 90 jẹ́ omi. Kálórì inú rẹ̀ kò ju bíi 34 lọ. Ọ̀rá rẹ̀ kò pé gíráàmù kan, fáíbà rẹ̀ jẹ́ bíi gíráàmù 2.5, potassium rẹ̀ jẹ́ bíi mílígíráàmù 300, sodium rẹ̀ kò sì ju bíi mílígíráàmù 9. Igi kan tó ru akẹtẹ̀ mẹ́ta, tí gbogbo rẹ̀ lè wọn gíráàmù 50, kò fún èèyàn ju kálórì 17. Ẹni tó fẹ́ jẹun yó láìsanra kò lè rí ọ̀rẹ́ tó dára jù bẹ́ẹ̀.

Purotéènì rẹ̀ ńkọ́? Bíi gíráàmù 2.2 ni. Gíráàmù 100 ẹran adìẹ tó ti jinná ní ju 25 lọ. Nítorí náà, ẹni tó bá fi olú rọ́pò ẹran, tí kò sì fi ẹ̀wà, ẹyin tàbí ẹja dí àlàfo náà, ń fi ebi purotéènì pa ara rẹ̀ ni, pàápàá bó bá jẹ́ ọmọdé ni ó ń bọ́ bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń mú kí àwọn èèyàn fi olú wé ẹran ni bó ṣe rí lẹ́nu. Ohun tó mú ògiri ara olú dúró, chitin, ni ohun kan náà tó wà nínú èèpo edé àti akàn. Iná kì í tètè tú u. Iṣu tó pẹ́ lórí iná á di pọ́tọpọ̀tọ, olú á ṣì máa fún eyín níṣẹ́.

Ibi tí olú ti ta yọ ni àwọn fítámìn ẹbí B. Gíráàmù 100 shiitake ní bíi mílígíráàmù 4 niacin, nǹkan bí ìdá mẹ́rin ohun tí àgbàlagbà nílò lóòjọ́. Ó ní bíi mílígíráàmù 1.5 B5, tó sún mọ́ ìdá mẹ́ta. B2 àti B6 wà níbẹ̀, bàbà tí ara nílò fún ẹ̀jẹ̀ náà sì wà. Àwọn fítámìn yìí máa ń yọ́ sínú omi. Bí a bá bọ olú, tí a da omi rẹ̀ nù, a ti da apá kan wọn nù mọ́ ọn. Omi tó sẹ̀ sínú akẹtẹ̀ lórí ààrò gbé wọn dání pẹ̀lú adùn. Ẹni tó bá mu ún kò pàdánù púpọ̀ nínú wọn.

Fítámìn D gba ọ̀nà tirẹ̀. Èròjà kan wà nínú olú, ergosterol, tí oòrùn lè sọ di fítámìn D, bí oòrùn ṣe ń sọ èròjà kan nínú awọ ara wa dà. Ṣùgbọ́n inú ilé tàbí abẹ́ ibòji ni wọ́n ti ń gbin olú, nítorí náà fítámìn D rẹ̀ kì í tó nǹkan nígbà tó bá dé ọjà. Bí a bá tẹ́ ẹ sínú oòrùn ọ̀sán gangan fún bíi wákàtí kan, tí inú akẹtẹ̀ kọjú sókè, fítámìn D inú gíráàmù 100 lè kọjá máíkírógíráàmù 10. Máíkírógíráàmù 15 ni wọ́n dábàá fún àgbàlagbà lóòjọ́. Láyé àtijọ́, oòrùn ni wọ́n fi ń gbẹ shiitake ní Japan. Ẹ̀rọ ló ń gbẹ púpọ̀ nínú rẹ̀ báyìí, ìdí nìyẹn tí àwọn kan fi ń tẹ́ ẹ sí oòrùn lẹ́ẹ̀kan sí i nílé kí wọ́n tó sè é. Fítámìn yìí kì í yọ́ sínú omi, iná ààrò kì í sì í pa púpọ̀ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Britain, níbi tí oòrùn ìgbà òtútù kò ti lágbára, tí ìjọba sì ń gba àwọn aláwọ̀ dúdú nímọ̀ràn láti máa ronú lórí lílo oògùn tó ní máíkírógíráàmù 10 fítámìn D lójoojúmọ́ jálẹ̀ ọdún. Olú tó ti rí oòrùn lè ran oògùn yẹn lọ́wọ́. Kò lè rọ́pò rẹ̀.

Iyọ̀ ni ibi tí a ti lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má jẹ tó mílígíráàmù 2,000 sodium lóòjọ́. Ṣíbí ìjẹun kan péré nínú shoyu ní ju 800 lọ. Olú tí kò ní ju 9 lè ti ọwọ́ tare di oúnjẹ oníyọ̀ gidi. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ọ̀nà shio ni kó tọ̀: iyọ̀ ìka díẹ̀ sórí omi náà àti ọsàn wẹ́wẹ́. Umami tó wà nínú omi olú á ṣe ìyókù, torí ahọ́n tó bá rí umami kì í béèrè iyọ̀ púpọ̀.

Àwọn ìkìlọ̀ kan wà tí kò yẹ kí á fò. Shiitake tí kò jinná dáadáa lè mú kí ilà pupa gígùn sú jáde lára àwọn kan, ní ẹ̀yìn àti àyà, bí ẹni tí wọ́n fi pàṣán nà. Ní Japan ni oníṣègùn kan ti kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní 1977. Èròjà tí wọ́n fura sí ni lentinan, tí iná máa ń ba jẹ́. A kò gbọdọ̀ jẹ enoki pẹ̀lú ní tútù: ní 2020, enoki tí wọ́n kó láti Korea wọ Amẹ́ríkà gbé kòkòrò listeria wọlé, èèyàn 36 ṣàìsàn, 4 nínú wọn kú. Lentinan kan náà ni àwọn oníṣègùn Japan sọ di abẹ́rẹ́ ní àwọn ọdún 1980, tí wọ́n sì lò nígbà náà pẹ̀lú oògùn jẹjẹrẹ inú ikùn. Ibẹ̀ ni òkìkí pé olú ń wo jẹjẹrẹ ti gbòde. Abẹ́rẹ́ tí dókítà ń gún sí iṣan yàtọ̀ pátápátá sí olú inú àwo. Ẹni tó bá ń ṣàìsàn, kó lọ sí ilé ìwòsàn, kó sì jẹ olú gẹ́gẹ́ bí oúnjẹ.

Ìkẹyìn ni olú inú igbó. Tsukiyotake, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ olú òru òṣùpá, máa ń tàn nínú òkùnkùn. Lójú mọmọ, ó jọ shiitake débi pé ó wà lára àwọn olú tó ń fún ọ̀pọ̀ èèyàn ní májèlé jù ní Japan, iná kì í sì í pa oró rẹ̀. Bí àwọn tó ti ń jẹ olú láti ìran dé ìran bá ń ṣì í mú, ẹ jẹ́ kí á ra tiwa lọ́wọ́ ẹni tó gbìn ín.

Ẹ jẹ́ kí á padà sídìí ààrò. Olú ti jinná. Alásè gbé igi náà lọ́wọ́ méjèèjì, ó tẹ́ ẹ sínú àwo láìjẹ́ kó fì. Oníbàárà kò tètè jẹ ẹ́. Ó tẹ orí ba, ó gbé akẹtẹ̀ àkọ́kọ́ sún mọ́ ètè, ó sì kọ́kọ́ mu omi inú rẹ̀: òjò tó rọ̀ sórí ìtì igi, adùn tí iná pẹ̀lẹ́ ṣe, fítámìn tí kò dànù, àti iyọ̀ ìka díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó wá jẹ olú.